Ibi Ọmọ Lórí Tábìlì Láàbù: Kí Ló Ń Kọjá Sọ́dọ̀ Ọmọ Inú?

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìyá ní Yábàá, láàárọ̀ Sátidé kan. Mo gé ibi tí àwàdà ti pọ̀ jù, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lẹ́yìn rẹ̀ kún un.)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru. Fáànù méjì ló wà lókè yìí, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Mo rí àwọn agbẹ̀bí lórí ìjókòó iwájú tó jẹ́ pé wọ́n ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí mi. Mi ò wá kọ́ yín ní ohun tí ibi ọmọ jẹ́. Ọwọ́ yín ló ń bọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ́ ẹ sínú abọ́, tí ẹ ó máa wo abala rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí èyíkéyìí má bàa kù sínú ìyá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí àwa ará láàbù bá gbà á lọ́wọ́ yín, ni mo wá sọ.

Ìbéèrè kan ló gbé wa dé ìdí rẹ̀. Ẹ lọ dúró sí ilé ìtajà oògùn ní Ojúẹlẹ́gba tàbí Ìdúmọ̀tà fún wákàtí kan péré, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mo lóyún, ṣé mo lè lo eléyìí?" Ẹni tó ń tà á á yí páálí náà síbí, á yí i sọ́hùn-ún, á ní kò séwu. Ó kéré lẹ́ni tó máa ń béèrè èyí tó tẹ̀ lé e: orí kí ni wọ́n ti dán an wò? A kò lè kó oògùn tí a kò mọ̀ fún aboyún ká wá jókòó máa wò bóyá ọmọ á yarọ. A kò sì lè máa ki abẹ́rẹ́ bọ ilé ọmọ lójoojúmọ́ láti fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a kò tíì bí. Nítorí náà, nǹkan mìíràn la ń dán an wò lára rẹ̀: ẹranko, sẹ́ẹ̀lì inú abọ́, ibi ọmọ tí ìyá ti bí sílẹ̀. Àwòṣe ni mo ń pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìbéèrè tirẹ̀ tó lè dáhùn. Ẹ bi í ní ìbéèrè ẹlòmíràn, kò ní sọ pé òun ò mọ̀. Á dáhùn, á sì ṣì yín lọ́nà.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé asẹ́ ni ibi ọmọ. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì náà ni: omi ògì á kọjá, èérí á dúró. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Heparin tóbi, kì í kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì ní abẹ́rẹ́ heparin, tí wọ́n sì ń sá fún warfarin tó kéré, tó ń kọjá, tó lè ba egungun àti imú ọmọ jẹ́. Insulin, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin yìí náà lẹ ń gún aboyún ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Èròjà ajàrùn tí abẹ́rẹ́ yẹn ń mú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tóbi ju insulin lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po ogún. Síbẹ̀ ó ń kọjá, òun ló sì ń dáàbò bo ọmọ tuntun kí wọ́n tó gún òun alára. Ohun kan wà lára ibi ọmọ tó ń pọ̀n ọ́n kọjá bí ìyá tó pọn ọmọ sọdá odò. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbá oògùn tó ti wọlé mú, kó dà á padà sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Asẹ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun alààyè ni ibi ọmọ. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń lo ọ́síjìn, ó ń pèsè họ́mọ́ọ̀nù. Wàhálà wa nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwòṣe asẹ́, á ra asẹ́ ní ọjà. Àwòṣe ohun alààyè ńkọ́?

Ẹranko la kọ́kọ́ sá tọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn oògùn méjì.

Ìkíní ni thalidomide. Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì, oògùn oorun ni, àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Wọ́n ti fi eku dán an wò. Bó ti wù kí wọ́n fún eku ní púpọ̀ tó, eku kò kú, ni wọ́n bá ní kò léwu. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Kelsey ní àjọ tó ń rí sí oògùn kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ó ní ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò tó. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu títí, kò yẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1961 tí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní Jámánì, nǹkan ti bàjẹ́: ó lé ní 10,000 ọmọ tí wọ́n bí káàkiri ayé tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò pé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó fún ehoro tó lóyún, ọmọ ehoro sì jáde pẹ̀lú irú àbùkù yẹn. Wọ́n fún eku tó lóyún, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ jáde ní pípé.

Èkejì kan àwa ara wa gan-an. Oògùn ibà tó ní artemisinin nínú, irú èyí tí ẹ mọ̀ sí Coartem. Eku tó lóyún tí wọ́n fún ní artemisinin, ọmọ inú rẹ̀ ń kú. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé, ẹ̀rù náà sì tọ́. Fún ọdún púpọ̀, aboyún tí ibà bá mú láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, quinine ni wọ́n ní kó lò, quinine tó korò bí jogbo, tó ń mú etí hó, tí ọ̀pọ̀ kì í lò parí. Nígbà tí wọ́n wá kó àkọsílẹ̀ àwọn aboyún tó ti lo artemisinin jọ, tí wọ́n fi wé ti àwọn tó lo quinine, ewu tí wọ́n ń bẹ̀rù kò hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí artemether-lumefantrine fún aboyún láti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí ló ṣe eku? Nínú eku, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ máa ń yọ pa pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn á sì kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú èèyàn, wọ́n ń yọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Eku kan náà o. Ó fọkàn wa balẹ̀ níbi tó yẹ ká ti sá, ó tún wá dẹ́rù bà wá níbi tí ìyá tí ibà ń pa ti nílò oògùn.

Kò sí ẹ̀yà ara tó yàtọ̀ láàárín ẹranko bí ibi ọmọ. Ọkàn àgùntàn jọ ọkàn èèyàn, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jọ tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn alápatà ní Oko Ọba ní Agége, kí wọ́n fi ilé ọmọ àgùntàn tó lóyún hàn yín: ibi rẹ̀ ò rí bí àwo pẹrẹsẹ bíi tiwa, àwọn nǹkan róbótó-róbótó ni, tó tò káàkiri bí bọ́tìnnì lára agbádá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í dé ara ibi náà ní tààrà, ẹran ara ilé ọmọ ìyá ṣì wà láàárín. Ẹni tó bá sin ẹran ní abúlé mọ àbájáde rẹ̀ láì lọ sí yunifásítì: ọmọ ewúrẹ́ tí kò bá mu omi ọmú àkọ́kọ́, kì í pẹ́ kú. Èròjà ajàrùn kò kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oyún, ọmú ló ti ń gbà á. Ọmọ tiwa ti gba tirẹ̀ kó tó wáyé. Tí o bá fẹ́ mọ bí èròjà yẹn ṣe ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ èèyàn, tí o lọ ń wo ewúrẹ́, o kàn ń fi ewúrẹ́ ṣòfò ni. Gíní-píìgì ló sún mọ́ wa díẹ̀, nítorí ìpele sẹ́ẹ̀lì kan náà ló wà láàárín ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ibi ọmọ rẹ̀, bíi tiwa. Ti eku jẹ́ mẹ́ta.

Nítorí náà ni àwọn kan fi sọ pé, ibi ọmọ èèyàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lójoojúmọ́ là ń kó o dànù. Ìwọ̀n rẹ̀ tó bíi gíráàmù 500, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22, ó ṣì gbóná nígbà tí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ń jó o. Ní ọdún 1972, Schneider, Panigel àti Dancis tẹ ìwé jáde nípa ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń tẹ̀ lé dòní. Abala kan ṣoṣo ni wọ́n lò nínú ibi ọmọ, wọ́n fi omi tó ní oúnjẹ àti ọ́síjìn rọ́pò ẹ̀jẹ̀, ipa méjì: ọ̀kan ṣàn bíi ti ìyá, ìkejì bíi ti ọmọ. O da oògùn sí ti ìyá, o lọ ń wá a nínú ti ọmọ.

Lẹ́nu, ó rọrùn.

Láti ìgbà tí ibi bá ti jáde, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la ní kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì ti ń kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Erékùṣù la ti ń gba ti wa, láàbù sì wà ní Yábàá níbí. Ẹ fojú inú wò mí: kúlà lórí itan, dírẹ́bà gba Adéníjì Adélé bọ́ sórí afárá Third Mainland, mọ́tò dúró. Ọkọ̀ kan ló bàjẹ́ níwájú. Ọmọkùnrin kan ń fi ìka kan gíláàsì, ṣé n ó ra omi tútù, ṣé n ó ra Gala, kí ló wà nínú kúlà, ṣé èmi náà ń tà ni? Nígbà tí a fi máa sọ̀ ní Adékúnlé, ìṣẹ́jú márùnléláàádọ́ta ti lọ. A dà á nù láì ṣí i. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta irú ẹ̀, a fi Erékùṣù sílẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé la wá ń lọ.

Èyí tó bá dé lásìkò, mo máa ń gbé e kalẹ̀ kí ojú tó kọ sọ́dọ̀ ọmọ wà lókè, ojú tó ń dán yẹn, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń ta láti ìdí ìwọ́ bí gbòǹgbò igi. Iṣan méjì tó jọ ń rìn, tí wọ́n jọ wọ abala kan náà, ni mò ń wá. N ó gé ẹnu wọn díẹ̀, n ó ti ọ̀pá rọ́bà tó tín-ín-rín bọ̀ ọ́, n ó fi òwú sílíìkì dì í. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó ti ya nìyẹn. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, abala kan ṣoṣo yẹn á máa funfun bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn yòókù tó pupa rẹ́súrẹ́sú, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń ṣàn jáde nínú rẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, mo ṣì máa ń dákẹ́ wò ó. A ó gé e, a ó dì í mú nínú àpótí tó móoru ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ojú ti ìyá á wá bọ́ sókè, a ó gún ọ̀pá mélòó kan sí i kí omi tó dúró fún ẹ̀jẹ̀ ìyá lè máa tú síbẹ̀, bíi mílílítà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọ máa ń tó mílílítà 3.

Ìjókòó tì í ló kù, wákàtí mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára omi ọ̀dọ̀ ọmọ. Tó bá fi dín ju mílílítà 4 lọ ní wákàtí kan, ó ń jò, gbogbo nọ́ńbà tí o ti kọ sílẹ̀ ti di asán. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń jò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sunkún sídìí tábìlì. Lọ́jọ́ kan tí èyí tó dáa jù tí a ní lọ́dún náà ń lọ geerege, iná lọ ní wákàtí kejì, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, pọ́ǹpù dúró fún ìṣẹ́jú méje. Nígbà tí iná dé, abala náà kò jẹ ṣúgà mọ́.

Torí kí a má bàa máa tan ara wa, a máa ń fi nǹkan tí a ti mọ̀ kún oògùn tí a kò mọ̀. Antipyrine ni, oògùn ara ríro àtijọ́ kan tó ń kọjá gbàgà láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí antipyrine kò bá kọjá, pọ́ǹpù tàbí ibi ọmọ ló ní àléébù. Bó bá kọjá dáadáa, a ó fi oògùn tuntun wé e: ó ń sáré tó o ni, àbí ó ń rákò?

Ẹ wá gbọ́ ti glibenclamide, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Daonil, oògùn àtọ̀gbẹ. Ó kéré, ó yẹ kó kọjá. Ní ọdún 1991, wọ́n fi ibi ọmọ dán an wò lórí tábìlì bí mo ṣe ṣàpèjúwe yìí, ohun tó kọjá kò tó nǹkan. Ó lẹ̀ mọ́ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, ibi ọmọ sì tún ń dà á padà. Inú àwọn dókítà dùn: oògùn oníhóró fún aboyún tó ní àtọ̀gbẹ, dípò abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́. Ní ọdún 2000, wọ́n tẹ ìwádìí lára aboyún 404 jáde, wọ́n wá oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́, wọn kò rí i. Lílò rẹ̀ tàn ká Amẹ́ríkà. Ó di ọdún 2009 kí àwọn kan tó fi ẹ̀rọ tó lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ̀n ọ́: ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá.

Àwọn kan ti tìtorí ìyẹn sọ pé ibi ọmọ orí tábìlì parọ́. Èmi ò gbà. Wákàtí díẹ̀ la fi bi í léèrè, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀: ó ń rákò. Ìyá tó ń gbé e mì ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni kò sí lórí tábìlì. Ohun tó ń rákò náà á délé, bí ẹ bá fún un láyè.

Kò wá tán síbẹ̀. Ibi ọmọ tí a ń gbà lọ́wọ́ yín, arúgbó ni. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án, awọ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ ti fẹ́lẹ́ gan-an. Thalidomide kì í dúró di oṣù kẹsàn-án. Láàárín ogún ọjọ́ sí bí ọjọ́ 36 lẹ́yìn tí oyún dúró ló ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀, ìgbà tí obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Nígbà yẹn, awọ náà nípọn ní ìlọ́po púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá kò tíì máa ṣàn wọ ibẹ̀ dáadáa, àwọn tó ń dà oògùn padà sì pọ̀ ju ti ìparí lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ibi oṣù mẹ́sàn-án ṣe ẹ̀rí fún yín nípa oṣù kejì, ẹ rọra.

Sẹ́ẹ̀lì inú abọ́, n ó yára sáré kọjá. Èyí tí gbogbo ayé ń lò jù ni wọ́n ń pè ní BeWo. Ní ọdún 1968 ni Pattillo àti Gey tẹ̀ ẹ́ jáde. Gey yìí kan náà ló hù sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ obìnrin kan, Henrietta Lacks, ní 1951, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyẹn. Jẹjẹrẹ ibi ọmọ ni BeWo ti wá, wọ́n ti ń gbìn ín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, fún ọdún mélòó kan kí ó tó máa hù nínú ìgò. A ó tẹ́ ẹ sínú ife kékeré tí ìdí rẹ̀ jẹ́ awọ oníhò wínníwínní, á hù bo ojú ihò, a ó da oògùn sókè, a ó wá a nísàlẹ̀. Kò gbówó lórí púpọ̀, èèyàn lè ṣe ogún lọ́jọ́ kan, kò sì sí Third Mainland nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìbéèrè kan: nínú oògùn mẹ́wàá, èwo ló ń yára kọjá jù? Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni. Kì í para pọ̀ di awọ kan ṣoṣo bí ti ibi ọmọ gidi àyàfi tí o bá fi oògùn tì í. Ní ọdún 1986, Kliman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn bí a ṣe lè yọ sẹ́ẹ̀lì gidi lára ibi ọmọ. Ìwọ̀nyẹn ń para pọ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í bí sí i, wọ́n sì máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn. Oògùn á gba àlàfo kọjá, ìwọ á rò pé ara sẹ́ẹ̀lì ló gbà.

Ní ọdún 2018, àwọn ará Cambridge hù ibi ọmọ kékeré nínú abọ́ láti ara sẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó róbótó bí ẹyin ẹja. Ìdùnnú ńlá ni, torí àwọn oṣù àkọ́kọ́ tí mo ní kò sí lórí tábìlì ti wọlé dé. Àléébù rẹ̀ kan ń pa mí lẹ́rìn-ín: ó wọ aṣọ rẹ̀ sódì. Awọ tó yẹ kó wà níta, tó yẹ kó kan ẹ̀jẹ̀ ìyá, inú ló wà. Wọ́n ti ń wá ọgbọ́n yí i padà. Ṣíìpù kan tún wà tí Dan Huh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà: rọ́bà kékeré tí ihò méjì gba inú rẹ̀ kọjá, sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, omi ń ṣàn lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ní kò ní pẹ́ rọ́pò gbogbo èyí tí mo ti sọ. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dáa, ó mọ́, ó kéré, BeWo náà ni wọ́n sì ń tẹ́ sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ má rò pé gbogbo ìgbà la ń gbàdúrà kí nǹkan má kọjá. Ní ọdún 1994, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé bí ìyá tó ní HIV bá lo zidovudine nínú oyún àti nígbà ìrọbí, tí ọmọ náà sì lo tirẹ̀, àwọn ọmọ tó kó kòkòrò náà dín láti ìdá 25.5 sí 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Zidovudine ń kọjá dáadáa, a sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku tiwa, àwọn nǹkan tí kì í wọ páálí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi àgbo dán ibi ọmọ wò, mo máa ń bi í pé: àgbo ta ni? Ti ọjọ́ wo? Ìkòkò kan náà, ti àná kọ́ ni ti òní. Àwòṣe wọ̀nyí fẹ́ ohun kan tó ní orúkọ, tí a lè wọ̀n nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú àgbo mìíràn ní orúkọ o: ọtí. Èyí tí wọ́n bá fi ògógóró rẹ, ọtí inú rẹ̀ ń kọjá bí omi, ìwọ̀n tó wà lára ọmọ kì í pẹ́ súnmọ́ ti ìyá. Òjé ń kọjá, irú èyí tó wà nínú tiró tí wọ́n fi òkúta òjé lọ̀. Mẹ́kúrì tún gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Irú rẹ̀ tó ń wà nínú ẹja máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà kékeré kan, á díbọ́n bí oúnjẹ, ibi ọmọ á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé, ó sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ju ti ìyá lọ. Ní Minamata ní Jàpáànì, níbi tí àìsàn tí mẹ́kúrì inú ẹja fà ti hàn síta ní 1956, àwọn ìyá wà tí nǹkan kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tí wọ́n bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà yẹn ọ̀pọ̀ dókítà gbà gbọ́ pé májèlé kì í kọjá. Asẹ́ ló wà lọ́kàn wọn.

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n gba ìbéèrè.

Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ló kọ́kọ́ dìde. Wọn ò gba máíìkì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o sọ ni mo gbọ́. Ta ló ni ibi tí ẹ ń gé yẹn?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ ló ni ín."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí ìrọbí tó mú obìnrin la ti ń bá a sọ̀rọ̀, torí ẹni tí ọmọ ń yí lára kò lè fi làákàyè fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹni tó bá ní rárá, a ó kí i kú ewu, a ó máa lọ. Àwọn tó ń sọ pé rárá pọ̀. Ilẹ̀ la ń fi ibi ọmọ sí nílẹ̀ wa, ẹlòmíràn á fi ibi tí wọ́n sin tirẹ̀ sí júwe ìlú rẹ̀ fún ọ. Ní Èkó níbí, onílé ti fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá, síbẹ̀ kò ní kí ọkàn ẹni má fà síbẹ̀.

Mo wá sọ ti bàbá kan fún wọn, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ló ń gbé. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní a gbọ́dọ̀ dá a padà fún òun lọ́jọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ dín. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láàbù láti aago mẹ́wàá, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin mo gbé e jáde fún un nínú ike onídèérí, a ti fi omi iyọ̀ ṣàn án. Ó ṣí i, ó wò ó títí.

"Ṣé ó pé?"

Mo fi abala tí a gé hàn án, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Ó bi mí ìdí tí ìyẹn fi funfun. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ti ṣàn kúrò nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Oògùn tí ẹ sọ yẹn, ṣé ó kọjá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọjá.

Ó dé ike náà, ó fi sábẹ́ apá, ó ní kí n ṣe é ní kíá bí ìwé kan bá tún kù tí òun máa fọwọ́ sí, torí ilẹ̀ bàbá òun wà ní Ìkòròdú, òun sì fẹ́ débẹ̀ kí ọkọ̀ tó pọ̀ lọ́nà.